Èbúté Ni Àjàṣẹ́, Kì Í Ṣe Ọ́fíìsì

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí a ṣe kẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé kan yí gbogbo ìjókòó ká pé kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i. Ìwé náà dára ní kíkà. Faransé rẹ̀ jinlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tò. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí wọ́n mú òfin ṣẹ, kí wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ mínísítà kúrò ní Kútọnu, kí wọ́n sì kó wọn wá sí Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú ìlú. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo kà á tán, mo sì nà án sí ẹni tí ó jókòó tì mí láì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa rí mi. Wọ́n ní, "Olùkọ́, ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ Àjàṣẹ́ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé èmi yóò ṣe àlàyé. Àlàyé náà nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Òfin wà lẹ́yìn àwọn tí ó kọ ìwé náà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an pé Porto-Novo ni olú ìlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Síbẹ̀ ààfin Ààrẹ wà ní Kútọnu, àwọn mínísítà wà ní Kútọnu, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè wà níbẹ̀, àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá náà kò gbẹ́yìn. A rí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbà, àti díẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ kò purọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i ni pé ìwé náà fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Àìsí mínísítà kọ́ ni ó sọ Àjàṣẹ́ di ohun tí ó dà lónìí. Èbúté ni ó bọ́ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí ìlú yìí ń ṣe kí ó tó di olú ìlú ẹnikẹ́ni ni ó parẹ́, a kò sì wá òmíràn dípò rẹ̀. Oyè ni a dì mú. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń fi oyè yìí tan ara wa jẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Yorùbá ń pe ìlú yìí ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn tí a jọ ni ín ń pè é ní Hògbónù, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn Potogí fún un ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún kò ní àdììtú kankan nínú: Porto-Novo, èbúté tuntun. Nítorí ọ̀sà ni wọ́n ṣe wá. Òwò tí wọ́n kọ́kọ́ bá wa ṣe níbẹ̀, òwò ẹrú ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti etí omi yìí sọdá òkun lọ sí Bàhíà, Yorùbá bí àwa ni wọ́n. Nígbà tí òwò yẹn ń kú lọ, epo pupa ni ó gba ipò rẹ̀, òun àti èkùrọ́. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là ní Marseille ń fẹ́ epo. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù ń fẹ́ ohun tí wọn yóò máa fi pa á lára. Oko ọ̀pẹ sì wà ní ẹ̀yìn ilé wa, láti Àjárá títí dé Ṣakétẹ́ àti Pọ́bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwò náà ṣe ń lọ, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí kò bá a mọ́. Ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ. Àwọn obìnrin ń se eyìn, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fi omi ya epo rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ń sá ekùrọ́ sí oòrùn, wọ́n ń pa á. Alájàpá ń rà á ní ọjà oko, ó ń kó o wá sí etí ọ̀sà. Ẹlòmíràn ń kan àgbá, ẹlòmíràn ń wa ọkọ̀ ọpọ́n. Oníṣòwò ńlá, ìbáà jẹ́ Faransé tàbí ará Jámánì, ìbáà jẹ́ Àgùdà tí ó ti Brazil dé tàbí Mùsùlùmí Yorùbá, ń kó o jọ sí ilé ẹrù rẹ̀, ó sì ń gbé e gba ojú omi lọ sí Èkó, tàbí sí etíkun Kútọnu níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń dúró lórí òkun. Ọba ń gba owó ibodè. Láti orí ẹni tí ó gun ọ̀pẹ títí dé orí ọba, olúkúlùkù ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe tí ẹlòmíràn ń fẹ́ rà. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tí a ń mú àlejò lọ wò lónìí, owó yẹn ni ó kọ́ wọn. Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, àwọn ọmọ òwò yẹn náà ni.

Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó mọ iye rẹ̀. Ní 1861 ọkọ̀ ogun wọn gba ojú ọ̀sà wá, wọ́n rọ̀jò ọta ìbọn ńlá lu Àjàṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọba Sodji sá sábẹ́ ààbò Faransé, ọba Toffa tí ó jẹ láti 1874 títí di 1908 sì tún okùn náà so. Àwa olùkọ́ máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìjà ọba àti ọba ni. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni yóò gba owó ibodè orí ọ̀sà? Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Faransé rí ẹsẹ̀ tẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ẹrù wọn máa gba omi Gẹ̀ẹ́sì kọjá mọ́. Ní 1891 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá onírin wọ inú òkun ní Kútọnu, kí ẹrù lè bọ́ sínú ọkọ̀ láì fara kan Èkó. Ojú irin tẹ̀ lé e, ó ń kó ẹrù òkè wá sí Kútọnu. Ní 1965, nígbà tí a ti gba òmìnira, Dahomey ṣí èbúté ńlá olómi jíjìn síbẹ̀. Ó tán. Ọ̀nà tí ó ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá yà gba ibòmíràn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí: àkókò kan náà tí èbúté ń lọ ni oyè ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ri irin mọ́ inú òkun ní Kútọnu ni wọ́n ń sọ Àjàṣẹ́ di ibùjókòó Gómìnà. Wọ́n gba ohun tí ń bọ́ wa ní ọwọ́ ọ̀tún wa, wọ́n fi ohun tí ń wuyì sí wa ní ọwọ́ òsì, a sì dúpẹ́. Ọmọ oníṣòwò lọ sí ilé ìwé, ó di akọ̀wé, ó rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ kí ó lè di akọ̀wé tí ó ga ju tirẹ̀ lọ. N kò lè bú akọ̀wé. Owó oṣù ìjọba ni èmi tí mo ń kọ èyí ń jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà lórí tábìlì ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà ni ó ni ín. Àwọn ará Dahomey tí Faransé kó lọ ṣe akọ̀wé káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mọ èyí ju mi lọ. Ní 1958 wọ́n lé wọn ní Abidjan, wọ́n ba ilé àti ẹrù wọn jẹ́. Ní 1963 Nàìjá tí í ṣe aládùúgbò wa ní àríwá tún lé wọn. Wọ́n padà délé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn nínú àpótí, wọn kò bá iṣẹ́ kankan nílé. Nígbà tí àwọn tábìlì tí ó kù sì wá ṣí lọ sí Kútọnu, tí ó fi díẹ̀ lé ní ọgbọ̀n kìlómítà sí wa, kí ni ó ṣẹ́ kù fún ìlú tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà lórí tábìlì?

Ẹ jẹ́ kí a gbà, nítorí àríyànjiyàn, pé ìjọba ka ìwé ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? A kò nílò woṣẹ́woṣẹ́, nítorí pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti wà láàárín wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ dúró sí ojú títì ní àárọ̀ ọjọ́ ìjókòó wọn. Ẹ óò rí ọkọ̀ dúdú tí ó ń ti Kútọnu bọ̀. Ẹ tún dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ óò rí i tí ó ń padà lọ. Ìyá tí ń ta ìrẹsì ní etí ọgbà ń rí díẹ̀ nínú rẹ̀, awakọ̀ ń rí díẹ̀, ẹni tí ó ní ilẹ̀ ń fi owó kún ilẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ìlú lè fi gbé ọmọ rẹ̀ dúró. Ní ètò ìkànìyàn ọdún 2013, wọ́n ka 264,320 ènìyàn ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ka 656,358 ní Abomey-Calavi, tí kì í ṣe olú ìlú ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn kò bá oyè lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ Kútọnu àti ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n bá lọ.

Àwọn kan yóò ní Àjàṣẹ́ kò jókòó lásán, pé òwò ń lọ. Òtítọ́ ni, mo sì mọ orúkọ òwò náà. Kpayo ni. Lẹ́yìn epo pupa, epo ọkọ̀ fàyàwọ́ láti Nàìjíríà ni ó gba ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa: ìgò ní etí títì, ṣágo lórí ọkọ̀ ọpọ́n, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n di ike epo yí ara alùpùpù wọn ká bí ẹni tí ó wọ agbádá. N kò ní kó ìwàásù ba àwọn tí ń ṣe é. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kan nínú kíláàsì mi, inú ìgò yẹn ni ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú òwò tí ó jẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Nàìjíríà ti ibodè; ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí ó tó ṣí i. Láàárín ìgbà yẹn mo rí àga tí ó ṣófo nínú kíláàsì. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ mìíràn ní Abuja fi gbólóhùn kan fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo, kò sì pẹ́ tí iye kpayo fò sókè lójú títì wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ibi ìkópamọ́ epo kan gbiná ní Sèmè-Kraké, àwọn tí ó kú lé ní 30. Tí gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni tí a kò dìbò fún bá lè dá ọbẹ̀ ilé wa dúró, a kò tíì kúrò níbi tí àwọn akọ̀wé ọdún 1963 wà.

Ní ìpàdé kan náà, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ọ̀mọ̀wé ni, ó ní kí a má ṣe fòyà: musée ń bọ̀. Ìjọba ń kọ́ Musée International du Vodun sí Àjàṣẹ́, wọ́n sì tún ń kọ́ ilé aṣòfin tuntun tí Francis Kéré yàwòrán rẹ̀ bí igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí méjèèjì. Nígbà náà ni ó wá sọ pé Bilbao nìyẹn ti ṣe, pé musée kan ṣoṣo ni ó jí ìlú èbúté tí ó ti kú dìde. Ìtàn yìí ti di oògùn gbogboǹṣe lẹ́nu àwọn tí ó kàwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ti rí.

Bilbao wà ní ilẹ̀ Basque, ní àríwá Spéìn. Irin ni ó ń rọ, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kàn, ní etí odò tí ó ń ṣàn lọ sí òkun. Ní àwọn ọdún 1980 iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìkànkọ̀ Euskalduna bá ọlọ́pàá jà lójú pópó kí wọ́n má bàa tì í, wọ́n sì tì í náà. Ilé ìrọrin ńlá wọn, Altos Hornos de Vizcaya, pa iná rẹ̀ ní 1996. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí musée Guggenheim. Ẹni tí ó bá ka ọdún méjèèjì yìí nìkan yóò rò pé musée ni ó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n odò wọn ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Odò náà ti di kòtò ìdọ̀tí, kò sí ẹja nínú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi páìpù àti ilé ìfọmi fọ̀ ọ́, owó tí wọ́n ná sí i sì ju ti musée lọ lọ́nà púpọ̀. Wọn kò pa èbúté wọn tì. Wọ́n sún un lọ sí ẹnu òkun níbi tí àyè ti gba ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì fi ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín ìlú ṣe ohun mìíràn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Basque ń gba owó orí ara rẹ̀, tí ó sì ń ná an bí ó ti fẹ́. Orí gbogbo èyí ni wọ́n gbé musée náà lé, bí ìyàwó ṣe ń wé gèlè lẹ́yìn tí ó ti wọ aṣọ tán. Àwa ni a fẹ́ wé gèlè sí ìhòòhò.

A kò sì ṣàìní musée tẹ́lẹ̀. Honmé tí í ṣe ààfin Toffa wà níbẹ̀, musée da Silva wà níbẹ̀, ti Alexandre Sènou Adandé wà níbẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó mú ọmọ rẹ̀ wọ ọ̀kankan nínú wọn ní ọdún yìí?

Lóṣù tí ó kọjá mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àròkọ. Àkòrí rẹ̀ ni "Èbúté ìlú wa". Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ó kọ nípa Kútọnu: ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga, àpótí onírin tí wọ́n tò léra, bàbá ẹnìkan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó mẹ́nu ba ọ̀sà. Ó kọ ọ́ pé ọ̀sà wúlò nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá òun máa ń da ilẹ̀ sí ní àárọ̀. Mo fún un ní máàkì tí ó pọ̀ jù, nítorí pé òun nìkan ni ó wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ẹ lọ wo ọ̀sà náà. Koríko tí ń léfòó, èyí tí Faransé ń pè ní jacinthe d'eau, ń dí ojú rẹ̀ nígbà òjò. Iyanrìn ti dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rá dúdú wà ní etí rẹ̀. Síbẹ̀ omi yìí kò tíì já. Ó ṣì lọ sí adágún Nokoué àti Kútọnu ní ìwọ̀ oòrùn, ó ṣì lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó ní ìlà oòrùn. Àwọn ará Aguégués ṣì ń gbé ẹja àti ẹ̀fọ́ gba orí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, láì sí èbúté gidi kan tí wọn yóò sọ̀ sí. Èkó, tí ènìyàn rẹ̀ nìkan tó gbogbo Benin tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń kó èrò sínú ọkọ̀ lórí omi kan náà yìí lójoojúmọ́ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwa tí a ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Kútọnu láràárọ̀ kọ̀yìn sí i.

Mo gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ: pé ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ọ̀sà. Kò sì ní wọ̀ ọ́. Èmi kò bèèrè kí a bá Kútọnu du ọkọ̀ ńlá. Ìjà yẹn ti parí láti 1891. Oúnjẹ àti ènìyàn ni mo ní kí a kó, ohun tí ọkọ̀ pẹlẹbẹ lè gbé, ìlú méjì ńlá sì wà ní ìkángun méjèèjì omi náà tí wọ́n ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀, kí wọ́n kó koríko, kí wọ́n kọ́ ibi ìsọ̀kalẹ̀ mélòó kan tí ó ní òrùlé àti iná, kí ọkọ̀ máa lọ kí ó máa bọ̀ ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀. Kò gbówó tó ilé mínísítà kan.

Kí ni a óò kó sínú ọkọ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀. Ní Pọ́bẹ̀, ibi ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Wọ́n ń ta irúgbìn ọ̀pẹ tí ó ń so dáadáa, kò sì jìnnà sí wa. Ní Avrankou àti Gbada, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú wa, wọ́n ti kọ́ ilé ìfúnpo rí kí òmìnira tó dé. Àwọn obìnrin wa mọ epo ṣe, wọ́n mọ àdín ṣe, wọ́n mọ ọṣẹ ṣe. Síbẹ̀ òróró ọ̀pẹ tí ó wà nínú ike lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, láti Éṣíà ni ó ti wá, ó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ìlú tí ó ń ta epo fún Marseille ti wá ń ra epo lọ́wọ́ Malaysia! Kò sí mínísítà kankan tí ó lé wa kúrò nídìí ọ̀pẹ. Àwa ni a sọ fún ọmọ wa pé iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé ni.

Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó lọ sí Ouando. Láti 1985 ni àlùfáà Godfrey Nzamujo ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Songhaï níbẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò dára: ẹja, adìyẹ, ewébẹ̀, èso tí wọ́n ń fún sínú ìgò, gáàsì láti inú ìgbẹ́ ẹran, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò dúró de oyè olú ìlú. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó wá bá ìṣúra ní ìlú wa nígbà tí àwa ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. N kò sọ pé kí gbogbo Àjàṣẹ́ di Songhaï. Ẹyọ kan kò tó, ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu ni pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà láàárín wa, a kò sì tíì rí ibùdó kejì tí ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ tí ó tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí yóò dun àwọn kan nínú ẹgbẹ́. Àwọn ilé Àgùdà tí a ń fi yangàn ń wó. Ẹ rìn ní àárín ìlú lẹ́yìn òjò, ẹ óò rí ògiri alámọ̀ tí ó ya, páànù tí ó ti jẹrà, igi tí ó hù lójú fèrèsé. Kì í ṣe ìjọba ni ó ń wó wọn. Ẹbí ni. Ilé tí bàbá kan kọ́ ti di ti ọgọ́rin ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó wà ní Paris kò gbà kí ẹni tí ó wà nílé fi háyà á, ẹni tí ó wà nílé kò gbà kí wọ́n tà á, ẹni tí kò gbà ohunkóhun ni ó sì ń pọ̀ jù. Ilé ẹrù tí ó yẹ kí ó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ibùwọ̀ àlejò, ilé ìkọ́ṣẹ́, àdán ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn olórí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ wà ní ìlà iwájú ìpàdé wa, orúkọ wọn sì wà lókè nínú ìwé tí ó ń sọ pé Kútọnu ni ó ba Àjàṣẹ́ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe pé n kò ní bírò. Bí ẹgbẹ́ bá tún ìwé náà kọ, kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí wọ́n gbẹ́ ọ̀sà láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu àti dé ibodè Nàìjíríà, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ìlú pé kí wọ́n dá ibì kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa gba ìdọ̀tí wa kí ó má baà wọ inú omi. Kí a fi ojú ewé kejì rẹ̀ kọ àdéhùn tiwa: pé ẹbí mẹ́ta péré nínú àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yóò jókòó níwájú nótárì kí ọdún yìí tó parí, wọn yóò yan ẹnìkan tí yóò máa bójú tó ilé wọn, wọn yóò sì ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹrù ìsàlẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ń ṣe ọṣẹ àti epo. Èmi yóò fi àwọn ọmọ kíláàsì mi kún un. Wọ́n lè wọn ilé, wọ́n lè yàwòrán rẹ̀, wọ́n lè kọ ohun tí àwọn àgbà bá rántí nípa rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ìwé ìròyìn yìí tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ọmọ tí ó kọ nípa ọ̀sà ni ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè, ó ní ilé ìyá òun àgbà wà ní etí omi, pé kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. A óò lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ń bọ̀, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ kí ó wọ bàtà tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀.